Ta ni yóò jókòó sí àga ọ̀gá ọkọ̀? Yíyan òṣèré fún eré sáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Okun

Ọmọ Mopà (olùbéèrè)

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ eré wa ní Mopà, ní ilẹ̀ Okun ìpínlẹ̀ Kogi, fẹ́ ya eré sáyẹ́ǹsì alápá mẹ́fà, apá kọ̀ọ̀kan á gba bí ìṣẹ́jú 25. Ọdún 2140 ni ìtàn náà wáyé, nínú ọkọ̀ ojú sánmà kan tó gbéra láti Lọ́kọ́jà. Ipa ńlá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀, igbákejì rẹ̀, dókítà, ẹnjiníà, awakọ̀, ọmọ iléèwé kan, àti ẹ̀dá méjì tí kì í ṣe ará ayé. Onígbọ̀wọ́ wa ní òun fẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ jẹ́ obìnrin tó pupa dáadáa, kí àwọn ẹ̀dá àjèjì sì dúdú kirikiri. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ ní ká kúkú wá àfín fi ṣe àjèjì, pé ìyẹn á dín owó méèkì-ọ́ọ̀pù kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, báwo ni a ṣe ń yan òṣèré fún irú eré báyìí tí kò fi ní di ọ̀rọ̀ ìtìjú lẹ́yìn ọ̀la? Iná, irun, ohùn, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni mo ń bèèrè.

Akọ̀wé-eré Ìyàrà

Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí onígbọ̀wọ́ yín ń bèèrè yẹn, tẹlifíṣọ̀n òkèèrè ti ṣe é rí. Ní October 1987, nígbà tí Star Trek: The Next Generation, eré ọkọ̀ ojú sánmà ti Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé apá kan jáde tó ń jẹ́ "Code of Honor". Gbogbo ará pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ bá níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣe é, olórí wọn sì wá jí obìnrin òyìnbó kan gbé lọ. Lára àwọn òṣèré eré náà gan-an ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní gbangba. Ẹ wá wò ó, aláwọ̀ dúdú kò ṣọ̀wọ́n nínú eré yẹn. LeVar Burton wà nínú ọkọ̀ kan náà tó ń ṣe Geordi La Forge, Michael Dorn wà níbẹ̀ tó ń ṣe Worf, jagunjagun àjèjì tí ẹ̀yà rẹ̀ ń jẹ́ Klingon. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n sọ àwọ̀ ara di àmì tí a fi ń dá àjèjì mọ̀.

Tí ẹ bá kó gbogbo ẹni tó dúdú jù sí ìhà kan, tí ẹ kó àwọn tó pupa sí ìhà kejì, òǹwòran yóò ti ka àwọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Ní Mopà tí gbogbo wa dúdú, tiyín á tilẹ̀ burú ju ti Amẹ́ríkà lọ: ẹ̀ ń sọ fún ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pé àwọ̀ ìyá rẹ̀ ni àwọ̀ àjèjì.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Kí ẹ tó pe òṣèré kankan, ẹ kọ ìwé ipa, ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ orí sí i (bí àpẹẹrẹ, 35 sí 50), iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọkọ̀, ohun tó ń wá lójú méjèèjì, ohun tó ń bẹ̀rù, èdè tó gbọ́dọ̀ gbọ́, àti ohun tí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe, bóyá kó gun àkàbà tàbí kó wọ aṣọ tó wúwo fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ yọ "arẹwà" kúrò, ẹ yọ "pupa" kúrò, ẹ yọ "tẹ́ẹ́rẹ́" kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín lórí ipa kọ̀ọ̀kan: ṣé ìtàn yìí á wó tí ẹni yìí bá jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, tàbí tó bá jẹ́ ọkùnrin dípò obìnrin? Tí kò bá ní wó, ẹ kọ "ẹnikẹ́ni" sí i gbàǹgbà, kí ẹni tó ń ka ìkéde yín ní Òkéné tàbí ní Ìdá mọ̀ pé òun náà lè wá. Tí yóò bá wó, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí ẹ kò bá rí ìdí kọ, àṣà lásán ni.

Nígbà tí ẹ bá ti fi orúkọ òṣèré sí ipa, ẹ ya tábìlì kan. Orúkọ òṣèré lápá òsì, lẹ́yìn náà ẹ ka nǹkan márùn-ún fún un nínú apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: iye ìlà tó sọ, iye ìgbà tó pàṣẹ tí wọ́n sì tẹ̀lé e, iye ìgbà tí òun àti ẹlòmíràn jọ sọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ipa rẹ̀ ní orúkọ tàbí "ẹ̀ṣọ́ kejì" ni wọ́n ń pè é, àti apá wo ló ti kú. Tábìlì yìí máa ń tú àṣírí. Nichelle Nichols, obìnrin aláwọ̀ dúdú, jókòó sínú ọkọ̀ Star Trek àkọ́kọ́ láti 1966, ipò ọ̀gá ló wà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ apá, kò ju kó kéde pé ìlà ìbánisọ̀rọ̀ ti ṣí lọ. Ó tilẹ̀ ti fẹ́ fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní. Gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, Martin Luther King ló pàrọwà fún un kó dúró. Pé ó jókòó síbẹ̀ tóbi. Ìlà tí wọ́n kọ fún un ni kò tóbi.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fara mọ́ tábìlì yẹn, àmọ́ "ẹnikẹ́ni" ní ewu tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń yan òṣèré ń gbà. Àwọn kan ní àwọn kì í wo àwọ̀ rárá, ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ló ni ipa. Àwọn kejì máa ń wò ó, wọ́n sì máa ń tún ìwé eré kọ kó lè bá ẹni tí wọ́n yàn mu. Nínú eré sáyẹ́ǹsì, ọ̀nà kìíní ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ní 1967 Star Trek mú Ricardo Montalbán, ọmọ Mẹ́síkò, wọ́n kun ara rẹ̀ dúdú díẹ̀, wọ́n ní ọmọ Íńdíà ni, Khan Noonien Singh. Nígbà tí wọ́n gbé Khan padà sínú fíìmù ní 2013, Benedict Cumberbatch tó jẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún. Ẹlòmíràn á ní ẹni tó mọ eré ṣe jù ni wọ́n mú. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni àìwo-àwọ̀ yìí ti gbé ọmọ Íńdíà sí ipa òyìnbó lọ́dún 1967? Doctor Who, eré sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà fi òyìnbó, John Bennett, ṣe ará Ṣáínà ní 1977, pẹ̀lú ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Eré Firefly tún wá ní 2002: ayé ọjọ́ iwájú tí èdè Ṣáínà gbòde, wọ́n ń fi bú ara wọn ní gbogbo apá, kò sì sí ọmọ Ṣáínà kan nínú àwọn òṣèré mẹ́sàn-án tó wà ní iwájú. Wọ́n mú èdè, wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀ sílé.

Fún tiyín, mo máa ní kí ẹ fi ojú sílẹ̀ wò ó. Tí ẹ bá yan obìnrin Ebira ṣe ẹnjiníà, ẹ padà sínú ìwé eré kí ẹ jẹ́ kó ní ilé, kó ní ìyá tó ń pè é láti ayé, kó bú ẹ̀rọ ní èdè rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́. Ìlà mẹ́ta péré lè tó. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó kọ àwọn ìlà yẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì lórí Worf. Michael Dorn fi ọdún méje ṣe é nínú eré kan, ó tún bọ́ sínú èkejì ní 1995. Ipa ńlá ni, ó dùn ún wò. Síbẹ̀, nígbà tí òyìnbó ń ṣe Klingon ní 1967, àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi kùn wọ́n lójú. Nígbà tí aláwọ̀ dúdú wá ń ṣe é, abẹ́ rọ́bà ni ojú rẹ̀ wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó pinnu ẹni tí yóò wọ ìbòjú nínú àwọn méjọ yín.

Alákàwé Ìsánlú

Ẹ tún fi Deep Space Nine ti 1993, eré Star Trek mìíràn, kún un. Avery Brooks ló wà ní àga ọ̀gá níbẹ̀, bàbá tó ń dá tọ́ ọmọ. Ní 1998 òun fúnra rẹ̀ darí apá kan, "Far Beyond the Stars", tó dá lórí òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí 1953: olóòtú kò gba ìtàn rẹ̀ nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni ọ̀gá tó fi sínú rẹ̀. Ẹ fi han onígbọ̀wọ́ yín, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn jẹ́ kó wò ó tán.

Oníwòsàn-awọ, Kàbà

Èmi ń fèsì lórí àfín nìkan, torí kò yẹ kí ìyẹn kọjá lásán.

Ẹ má fi àfín ṣe àjèjì. Ó ti pẹ́ tí àwọn eniyan ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, iwin, àti oríṣiríṣi; ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n ń pa wọ́n fún oògùn. Ẹ fi wọ́n ṣe dókítà, ẹ fi wọ́n ṣe awakọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ àwọ̀ wọn nínú ìwé eré. Tí ẹ bá fẹ́ gba àfín síṣẹ́, ìmúrasílẹ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe:

Oòrùn. Ẹ ya ìran ìta ṣáájú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ra ìpara ààbò oòrùn tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà agbára ààbò rẹ̀) kò dín ní 30, kí ó tún un pa ní wákàtí méjì méjì, ní etí àti ọrùn náà. Fìlà ẹlẹ́tí fífẹ̀ àti aṣọ apá gígùn láàárín ìran méjì, àti ibòji gidi, kì í ṣe abẹ́ igi tí oòrùn ń yọ́ já.

Ojú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ríran jìnnà dáadáa, iná títàn sì máa ń dùn wọ́n lójú. Ojú wọn sì lè máa yí láìdúró. Ẹ má pàṣẹ fún un pé kó dá a dúró, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé eré rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, 18 ó kéré tán. Ẹ má lo pátákó ìkàwé tó jìnnà sí i. Ẹ ta aṣọ funfun síwájú iná, ẹ má fi iná ìhòòhò kọjú sí i, ẹ sì fi téèpù tó yọ kedere sàmì sí ilẹ̀ níbi tó ti máa dúró.

Oníkámẹ́rà Kàbà

Ẹ kú ìjókòó. Ibi tí ọ̀pọ̀ eré ti ń ba òṣèré dúdú jẹ́ ni iná, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́wọ́ òṣèré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin òyìnbó ni àwọn tó ń fọ fíìmù fi ń díwọ̀n àwọ̀, "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì yẹn. Àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó fẹjọ́ sun Kodak pé àwọ̀ ilẹ̀ kò hàn dáadáa, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe. Kámẹ́rà òde òní sàn jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó máa yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò rí ojú tó ti di òkùnkùn.

Pẹ̀lú fóònù: ẹ tẹ ojú òṣèré tó dúdú jù, ẹ di ìka mọ́ ọn títí AE/AF LOCK yóò fi hàn, kí ẹ tó fà á sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ má gbé òṣèré síwájú fèrèsé tó mọ́lẹ̀ tàbí ògiri funfun. Ògiri tó ní àwọ̀ eérú tàbí aró ló dáa. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà jẹ́ ọ̀tá, fóònù á sápá láti gba ṣẹ́ẹ̀tì là, ojú á sì rì. Pẹ̀lú kámẹ́rà tó ní zebra (ìlà tó ń hàn lórí àwòrán láti fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn), mo máa ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú ẹni tó dúdú gan-an wà láàárín 45 sí 55, ẹni tó pupa láàárín 60 sí 70. Tí ẹ bá gbé ẹni dúdú sí 70, ẹ ti fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù, ìyẹn náà kì í ṣe ẹwà.

Nígbà tí àwọn méjì tí àwọ̀ wọn jìnnà síra bá wà nínú fírémù kan, ẹ má fi iná kún iná. Ẹ sún ẹni tó dúdú mọ́ iná, ẹ sún ẹni tó pupa sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ ń já wálẹ̀ kíákíá: ẹni tó wà ní mítà 1 sí iná ń gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí ẹni tó wà ní mítà 1.4 ń gbà. Ìyẹn nìkan sábà máa ń tó. Bí ibi tí wọ́n dúró kò bá ṣeé yí, ẹ fi aṣọ dúdú dí apá kan iná náà, kó má bàa ba ẹni pupa tààrà.

Awọ dúdú ń ràn bí dígí tó fara sin. Ohun tó ń fi ìrísí ojú hàn ni dídán tó wà ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti igun imú. Nítorí náà iná tó fẹ̀ ló dáa: iná LED kan tí ẹ kọjú sí ògiri funfun, tàbí aṣọ funfun tó tó mítà 1.5 ní fífẹ̀ tí ẹ ta síwájú rẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di fíríìjì tuntun nínú páálí, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fíríìjì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sí apá òkùnkùn ojú, ní bí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wo àmì CRI lára iná kí ẹ tó rà á, òun ló ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ti rí gan-an. Èyí tó bá dín ní 90 máa ń sọ àwọ̀ wa di aláwọ̀ ewé, ojú gbogbo ènìyàn á dà bí ẹni tí ibà ń ṣe. 95 ni kí ẹ máa wá.

Iná aláwọ̀ búlúù, tí gbogbo eré ọkọ̀ ojú sánmà fẹ́ràn, ẹ fi sẹ́yìn òṣèré kó là wọ́n ní etí àti èjìká. Tí ẹ bá fi ṣe iná ojú, àwọ̀ dúdú á kú pátápátá. Iná iwájú, kí ó funfun tàbí kó ní ìyeyè díẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, awọ á gbẹ, á di eérú. Òrí díẹ̀ tí a fi ọwọ́ pa, tí a sì fi tíṣù tẹ̀ dànù, ṣáájú ìran. Ẹ má ṣe kó páúdà bò ó.

Àǹtí Onírun, Ògìdì

Oníkámẹ́rà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Páúdà tó fi àwọ̀ kan fẹ́ẹ́rẹ́ ju awọ lọ, bó ti wù kó rí, kámẹ́rà yóò fi hàn gẹ́gẹ́ bí eérú. Ẹ dán fandéṣọ̀n wò ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, lójú ọ̀sán, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí àwọn kan máa ń ṣókùnkùn lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ. Kí olùṣe-ojú yín ní àwọ̀ méje ó kéré tán, kó sì mọ bí a ṣe ń pò wọ́n. Bí òṣèré bá ní kí wọ́n fi èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ kun òun, ẹ fi àwòrán rẹ̀ lábẹ́ iná hàn án. Yóò rí ọrùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ bí ẹni méjì.

Irun. Ẹ wọn orí fún akoto lẹ́yìn tí a bá ti di irun tán. Kọlẹ́sẹ̀ ló bá akoto mu jù, ó tẹ̀ sí orí, ìparí rẹ̀ sì wà ní ìpàkọ́ níbi tí àyè wà. Ṣùkú kò lè wọ inú akoto láéláé, ẹ fi sílẹ̀ fún ìran inú yàrá. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ dára fún ọmọ iléèwé yẹn. Ẹ ya fọ́tò irun láti igun mẹ́rin lọ́jọ́ tí a dì í, torí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì etí rẹ̀ á ti tú, ẹ ó sì ní láti tún un dì bákan náà. Kí owó onírun wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí a ti sọ pé kí òṣèré wá pẹ̀lú irun rẹ̀ "ní mímúra", owó tirẹ̀ ló ń ná, àwọn tí irun wọn rọ̀ kì í sì í san irú owó yẹn. Ẹ wo Doctor Who ti May 2025 tí Inua Ellams kọ, ọmọ Jọ́ọ̀sì ni: ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì di àwòrán ojú ọ̀nà sínú irun Ncuti Gatwa tó ń ṣe Dókítà náà. Irun náà ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn.

Fún àwọn ẹ̀dá méjì yín, ẹ má lo ọ̀dà ilé, ẹ má lo aró aṣọ. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá òṣèré, ẹ dúró wákàtí 24. Rọ́bà olómi máa ń ní amóníà, ó ń ta ojú, àwọn kan sì wà tí ara wọn kọ rọ́bà pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀dà ojú òṣèré láti fi mọ ìbòjú, álújínéètì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ni kí ẹ rà, kí ihò imú méjèèjì ṣí sílẹ̀, kí ẹnì kan máa di ọwọ́ òṣèré mú. Ẹ má da PÓPÙ funfun sójú ènìyàn tààrà, ó máa ń gbóná bó bá ń le, ó ti jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára. Nígbà tí ẹ bá ń bọ́ rọ́bà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ojú, epo tó ń yọ gọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá fà á ya ti ya irun ojú mọ́ ọn. Ìrísí tí mo fẹ́ràn jù fún owó kékeré: ẹ jẹ́ kí ojú òṣèré hàn, ẹ fi ìlà gbọọrọ tó ń dán láti iwájú orí dé ọrùn, àti lẹ́ńsì ojú kan péré tí oníṣègùn ojú fúnra rẹ̀ fi sí i. Àwọ̀ òṣèré kankan ló lè gbé e.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òyìnbó àti dúdú. Ní ìpínlẹ̀ wa, ibi tó ń ta ni ẹ̀yà. Ọkọ̀ yín gbéra ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Ọ̀wọ́rọ̀, Tápà, Bassa, Igálà, Ebira àti Haúsá ti ń gbé pọ̀. Tí ẹni mẹ́fà tó jẹ́ ará ayé nínú ọkọ̀ bá jẹ́ Okun pátá, kí ni ẹ sọ nípa àwọn yòókù? Àbí ọmọ Fúlàní kan ṣoṣo ló máa wà níbẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ èdè wa ní àtàmọ́ àtàmọ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín? Ẹ ti rí i nínú fíìmù wa tó. Ẹ má fi ọmọ Okun ṣe àfarawé Fúlàní pẹ̀lú ohùn ìyẹ̀yẹ́ àti fìlà. Ẹni tó gbọ́ èdè náà wà ní Kàbà gan-an, ẹ pè é, ẹ sanwó fún un.

Ohùn ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ máa sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ tó jọ ti redíò, kí alágbàfọ̀ inú ọkọ̀ wá máa sọ Ìyàgbà. Ìyẹn náà, yíyan òṣèré ni. Patrick Stewart fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì gidi ṣe ọmọ Faransé fún ọdún méje, ayé kò wó. Kí ọ̀gá yín sọ Owé, kí dókítà sọ Bùnú, kí awakọ̀ sọ Ìjùmú, ẹ fi àkọlé sísàlẹ̀. Wọ́n ṣe eré àwòrán Iwájú tí ilé iṣẹ́ Kugali gbé jáde pẹ̀lú Disney ní February 2024, apá mẹ́fà bíi tiyín, Èkó ọjọ́ iwájú. Ọmọ Nàìjíríà ló fọ̀ ọ́, ohùn Nàìjíríà ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Eré The Expanse tiẹ̀ gba onímọ̀ èdè kan kó dá èdè tuntun sílẹ̀ fún àwọn tí ìran wọn ti pẹ́ lójú sánmà, kò sì so èdè yẹn mọ́ àwọ̀ kan.

Alásọ Bùnú

Ọ̀rọ̀ mi kúrú. Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan dábàá aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú fún àwọn àjèjì "torí ó ṣàjèjì". Aṣọ ipò ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe aṣọ eré lásán, ti ìsìnkú àgbà àti ti egúngún ni. Tí ìtàn bá ní ìsìnkú lójú sánmà, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè yọ̀ǹda. Fún aṣọ iṣẹ́ inú ọkọ̀, òfì aláró tí wọ́n hun ní ìbú tóóró, tàbí kíjìpá aláró, kí gbogbo wọn wọ oríṣi kan náà, kí àmì ipò wà ní ọwọ́. Aró tó ṣókùnkùn jù máa ń gbé ara dúdú mì lójú kámẹ́rà, ẹ mú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.

Ọmọ Mopà (olùbéèrè)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi. Ó ku ìdánwò fún àwọn òṣèré. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè wá sí Mopà. Onígbọ̀wọ́ sì ṣì ta kú.

Akọ̀wé-eré Ìyàrà

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde: fóònù ní ìbú, 1080p, iwájú fèrèsé ní ọ̀sán kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú, pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Àkọ́kọ́, orúkọ, ìlú, gíga, àti èdè tó gbọ́, láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti àyà sókè, ìran ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹni tó ń bá a ka ìwé dúró ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì, kó sọ ọ́ ní ọ̀nà méjì tó yàtọ̀. Kò sí fílítà ẹwà: ó ń fọ àwọ̀, ẹ kò sì ní mọ ẹni tí ẹ ń gbà. Kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fídíò, kí WhatsApp má bàa dín bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ kù.

Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn lẹ́jọ́, ẹnì kan ni kó fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, torí orúkọ ń sọ ẹ̀yà. Kí àwọn mẹ́ta kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìran náà nìkan, láìsí ibi tó ti dárúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n fún un ní máàkì láti 1 sí 5, lórí ìwé, láì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó wo àwòrán. Ibi tí máàkì ẹnì kan bá ti já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí onídàájọ́ sọ ìdí rẹ̀ síta.

Fún onígbọ̀wọ́, ẹ mú obìnrin mẹ́ta tó ṣe dáadáa jù fún ọ̀gá ọkọ̀, ẹ ya ìran ìṣẹ́jú méjì kan náà, aṣọ kan náà, iná tí Oníkámẹ́rà sọ, tí a tún díwọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ní òun fẹ́ pupa, ojú tí iná kò ràn ni wọ́n ti ń rí látọjọ́ yìí. Tó bá ṣì ta kú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, kí ó wà nínú rẹ̀ pé olùdarí ló ń yan òṣèré, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀.

Àǹtí Onírun, Ògìdì

Kí wọ́n fi èyí náà sínú ìwé àdéhùn: wákàtí tí òṣèré fi jókòó fún irun àti fún rọ́bà ojú, wákàtí iṣẹ́ ni, owó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àjèjì lè dé ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ dé ní mẹ́jọ.